Ẹja Ajẹja Inú Ọ̀sà: Bí A Ṣe Ń Mọ Iye Wọn

Bí ènìyàn bá dúró ní etí omi ní Ọ̀jọ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ọkọ̀ àwọn apẹja bá ń gúnlẹ̀, yóò rí àwọn obìnrin tí wọ́n ti gbé agbọ̀n kalẹ̀ tí wọ́n ń dúró de ẹja. Kí oòrùn tó mú, ẹja náà yóò ti dé ọjà, àwọn ará Ìbà àti ará Òkókómáíkò yóò sì ti máa ná an. Bí a bá bi ìyá ẹlẹ́ja kan léèrè pé, 'Ǹjẹ́ ẹja ṣì pọ̀ nínú ọ̀sà, Ìyá?' agbọ̀n rẹ̀ ni yóò nawọ́ sí. Bí agbọ̀n bá kún, ẹja pọ̀. Bí kò bá kún, ẹja kò pọ̀. Ìdáhùn yìí mọ́gbọ́n wá, ó sì tó fún ẹni tí ó fẹ́ se ọbẹ̀ alẹ́. Ṣùgbọ́n kò tó fún ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ yóò rí ẹja rà ní ogún ọdún òní, nítorí pé agbọ̀n a máa kún nígbà tí ọ̀sà ń ṣófo lọ.

Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣẹlẹ̀, àti ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà láti mọ iye ẹja tí ó wà nínú omi tí ojú kò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí. Ẹja tí a ó fi ṣe òdiwọ̀n ni ẹja ajẹja, èyíinì ni ẹja tí ó ń fi ẹja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe oúnjẹ. Ẹni tí ó bá mọ bí ajẹja ṣe wà nínú omi kan ti mọ ohun púpọ̀ nípa ìlera omi náà.

OMI AGBÈGBÈ Ọ̀JỌ́

Ìlú Àwórì ni Ọ̀jọ́, omi sì sún mọ́ ọn ju bí ẹni tí ó ń gba títì Àgbádárìgì kọjá níwájú àgọ́ àwọn ọmọ ogun ṣe lè fura lọ. Ní gúúsù ìlú náà ni omi tóóró Àgbádárìgì wà, èyí tí ó so omi Èkó pọ̀ mọ́ omi Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn ni ọ̀sà Ológè wà. Ọ̀sà yìí kò tóbi. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 9 níbùú lóòró lọ. Ṣùgbọ́n omi dídùn ni, nítorí pé odò ni ó ń bọ́ ọ, iyọ̀ òkun kò sì fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọ̀sà Lẹ́kì tí ó wà ní ìlà-oòrùn Èkó: òun fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 247 níbùú lóòró, omi dídùn ni òun náà. Láàárín àwọn méjèèjì ni ọ̀sà Èkó fúnra rẹ̀ wà, níbi tí omi òkun àti omi odò ti ń pàdé, tí iyọ̀ ń pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì ń dín kù nígbà òjò.

Omi agbègbè Ọ̀jọ́ ti rí àyípadà púpọ̀ láti nǹkan bí ogójì ọdún wá. Ní ọdún 1984, koríko ojú omi kan tí òdòdó rẹ̀ jọ elésèé àlùkò gba ọ̀nà omi Àjàṣẹ́ wọ omi Àgbádárìgì. Kì í ṣe òjú oró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà, tí àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ tipẹ́. Amẹ́ríkà ti ìhà gúúsù ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ibi tí ó bá tẹ́ bo, ọkọ̀ kò lè kọjá níbẹ̀, àwọ̀n kò ṣeé dẹ níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò sì lè wọ inú omi. Ní ẹ̀bá ọ̀sà Ológè bákan náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Àgbárá wà. Àwọn onímọ̀, tí àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́ wà lára wọn, ti wọn àwọn èròjà bíi síńkì àti kọ́pà tí ó wà nínú omi náà àti nínú ara ẹja rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìlú ń gbòòrò, ẹnu tí ń jẹ ẹja ń pọ̀ sí i, àwọ̀n sì ń pọ̀ sí i pẹ̀lú.

Nígbà tí irú àyípadà báyìí bá dé bá omi kan, kì í ṣe gbogbo ẹja ni ó ń fara gbá a lọ́gbọọgba. Ajẹja ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ fara gbá a. Kí a tó mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ẹni tí à ń pè bẹ́ẹ̀.

TA NI AJẸJA?

Gbogbo ẹja kọ́ ni ó ń jẹ ẹja. Ewéko wẹ́wẹ́ àti ohun jíjẹrà tí ó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ omi ni èpìyà sábà máa ń jẹ. Ọ̀bọ̀kún a máa ṣa oúnjẹ nílẹ̀ omi. Ní ọdún 1977, Ikusemiju àti Olaniyan tẹ ìwádìí kan jáde lórí oúnjẹ oríṣi ọ̀bọ̀kún mẹ́ta tí ó wà nínú ọ̀sà Lẹ́kì. Inú ẹja ni wọ́n là, tí wọ́n sì yẹ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ wò lẹ́yọ lẹ́yọ. Ní ti àrọ̀, kò sí ohun tí kì í jẹ: kòkòrò, edé, ẹja kékeré, àti ohun tí ó ti kú pàápàá. A lè pe àrọ̀ ní ààbọ̀ ajẹja.

Àwọn ògidì ajẹja wà lọ́tọ̀. Ọ̀kan wà tí orí rẹ̀ rí bí orí ejò, tí í máa ba sábẹ́ koríko, tí kì í mira títí ẹja kékeré yóò fi kọjá níwájú rẹ̀. Òmíràn gùn bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, kò sì ní ìrù pẹrẹsẹ bíi ti àwọn ẹja yòókù. Gymnarchus ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ó sì wà nínú ọ̀sà Lẹ́kì. Láàárín ọdún 1951 sí 1958 ni Lissmann, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Cambridge, fi hàn pé ẹja yìí ń tú iná mànàmáná tí kò lágbára jáde láti ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ohunkóhun tí ó bá sún mọ́ ọn yóò da iná náà rú, bẹ́ẹ̀ ni ẹja yìí ṣe ń mọ ibi tí oúnjẹ rẹ̀ wà, bí omi tilẹ̀ dúdú bí ọ̀gànjọ́ òru.

Èyí tí ó jẹ́ ọba lórí gbogbo wọn ni Lates niloticus, tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa, èyíinì ni 'erin omi'. Odò Ọya àti adágún Chad jẹ́ ilé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Ó lè gùn tó nǹkan bí mítà 2, kí ó sì wọn tó nǹkan bí kìlógíráàmù 200. Ẹni tí ó bá rí i nílẹ̀ kò ní bèèrè ìdí tí a fi sọ ọ́ lórúkọ erin.

Ìdí tí ajẹja fi kéré ní iye kò ju ọ̀rọ̀ ìṣirò lọ. Nínú oúnjẹ tí ẹ̀dá kan bá jẹ, díẹ̀ ni ó ń di ẹran ara rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù ni ó fi ń mí, tí ó fi ń lúwẹ̀ẹ́, tí ó sì ń yà dànù. Àwọn onímọ̀ a máa fojú bù ú pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ni ó ń ti ọwọ́ ẹni tí a jẹ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ ẹ́. Bí ewéko wẹ́wẹ́ inú omi kan bá wọn kìlógíráàmù 10,000, ó lè bọ́ kòkòrò omi tí ó wọn 1,000. Kòkòrò náà lè bọ́ ẹja kéékèèké tí ó wọn 100. Ẹja kéékèèké náà kò sì ní lè bọ́ ajẹja tí ó ju 10 lọ. Ajẹja dà bí ọlọ́jà ìlú: ẹni púpọ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ kí ẹnì kan tó lè jókòó sí ipò náà.

Yàtọ̀ sí èyí, ajẹja ńlá a máa pẹ́ kí ó tó dàgbà tí yóò fi yé ẹyin. Àwọ̀n olójú kékeré tí a dẹ sílẹ̀ fún ẹja wẹ́wẹ́ ń kó ọmọ rẹ̀, àwọ̀n olójú ńlá ń mú òun fúnra rẹ̀, owó gidi ni ọjà sì ń san lé e lórí. Nítorí náà, òun ni gbogbo apẹja ń wá, òun náà ni kò sì lè yára dí àlàfo tí ikú rẹ̀ bá dá sílẹ̀. Bí ó bá sì ti ń dín kù, àwọn ẹja kéékèèké tí ó ti ń pa jẹ tẹ́lẹ̀ lè pọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀. Nígbà náà ni agbọ̀n ń kún. Ìyá ẹlẹ́ja yóò dúpẹ́ pé omi ń ṣoore, kò sì ní mọ̀ pé ohun tí òun ń rí ni àpẹẹrẹ pé àgbà kò sí nílé mọ́.

Ó yẹ kí a sọ níhìn-ín pé kì í ṣe gbogbo omi ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń rí bákan náà. Nínú omi tí ìdọ̀tí ti bàjẹ́, ajẹja àti ẹja tí ó ń jẹ lè jùmọ̀ kú. Ìdí nìyí tí kò fi sí ẹni tí ó lè jókòó sílé kí ó máa fi ìmọ̀ orí nìkan sọ bí omi kan ti rí. Kíkà ni a gbọ́dọ̀ kà wọ́n.

Ọ̀NÀ TÍ A Ń GBÀ KÀ WỌ́N

A kì í ka ẹja bí a ti ń ka ewúrẹ́. Ewúrẹ́ yóò wọlé ní àṣálẹ́, a ó sì kà á ní ẹnu ọ̀nà. Ẹja kì í wá sílé. Nítorí náà, ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń mú díẹ̀, wọ́n sì ń fi díẹ̀ náà mọ púpọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní àléébù tirẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni kí a fi iṣẹ́ tí apẹja ṣe pín ẹja tí ó mú. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ọkọ̀ 10 jáde ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n sì kó kìlógíráàmù 100 ajẹja wá sílé: 10 ni ó kan ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ọkọ̀ 40 jáde láti èbúté kan náà, wọ́n sì kó 200 wá. Lójú ọlọ́jà, ẹja ti di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n 5 péré ni ó kan ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyíinì ni pé ó ti di ìdajì ohun tí ó jẹ́. Ojú ọjà kò rí ju 200 lọ. Ojú onímọ̀ ń rí 5. Kí ìṣirò yìí tó lè jẹ́ òtítọ́, a gbọ́dọ̀ mọ iye ọkọ̀ tí ó jáde, iye wákàtí tí wọ́n lò, àti irú ohun èlò tí wọ́n lò. Bí àwọn apẹja bá ti fi àwọ̀n tí ó gùn sí i rọ́pò ti àtijọ́, tàbí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ rọ́pò àjẹ̀, ọkọ̀ kan òde òní kì í tún ṣe ọkọ̀ kan àtijọ́ mọ́.

Ọ̀nà kejì ni kí onímọ̀ fúnra rẹ̀ dẹ àwọ̀n. Kì í ṣe àwọ̀n kan ṣoṣo ni yóò dẹ, bí kò ṣe ọ̀wọ́ àwọ̀n tí ojú wọn kò dọ́gba, láti orí èyí tí ojú rẹ̀ há dé orí èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀, nítorí pé ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwọ̀n ẹja tí ó lè mú. Ibì kan náà ni yóò máa dẹ wọ́n sí, ní oṣù kan náà lọ́dọọdún, fún iye wákàtí kan náà. Ẹni tí ó bá ń yí ibi tí ó ń dẹ àwọ̀n padà kò lè mọ̀ bóyá ẹja ni ó yí padà tàbí òun. Sùúrù ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ju ọgbọ́n lọ.

Ọ̀nà kẹta ni fífi àmì sí ẹja lára, tí Petersen, ará Denmark, bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ká ní a mú ẹja 200, a fi àmì sí wọn lára, a sì dá wọn padà sómi láàyè. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, a tún mú 100, a sì rí i pé 4 nínú wọn ní àmì. Bí 4 bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n 100, a jẹ́ pé 200 tí a fi àmì sí lára náà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbogbo ẹja omi náà; nígbà náà, ẹja omi ọ̀hún yóò tó 5,000. Ọgbọ́n yìí dára, ṣùgbọ́n ó dúró lórí pé àmì kò bọ́, pé ẹja tí a fi àmì sí lára kò kú ju àwọn yòókù lọ, àti pé ẹja kò wọlé, kò sì jáde. Nínú ìkòkò omi tí a dé ní ìdérí, èyí rọrùn. Ní Ológè, níbi tí ọ̀sà ti ṣí sí omi Àgbádárìgì, ẹja tí a fi àmì sí lára ní àárọ̀ lè ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀nà kẹrin ni kí a bi ara ẹja fúnra rẹ̀ léèrè. Gígùn rẹ̀ ń sọ bóyá àgbà ni tàbí ọmọdé. Bí gbogbo ajẹja tí à ń mú bá jẹ́ ọmọdé tí kò tí ì yé ẹyin rí, ewu ti dé, bí iye wọn tilẹ̀ pọ̀. Inú etí ẹja ní òkúta wẹ́wẹ́ kan tí ó ń dàgbà ní ìpele ìpele. Ní ilẹ̀ olótùútù, òtútù ọdọọdún a máa fi ìlà hàn gbangba lára rẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, níbi tí òtútù kò ti sí, ìlà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni a sì ń gbójú lé. Inú ẹja náà ń sọ ohun tí ó jẹ. Ṣùgbọ́n èyí pàápàá ní ẹ̀tàn nínú, nítorí pé ajẹja tí àwọ̀n mú a máa pọ oúnjẹ rẹ̀ jáde bí ó ti ń jà. Ẹni tí ó bá rí inú òfìfo kò gbọdọ̀ yára sọ pé ebi ni ó ń pa á.

Ọ̀nà karùn-ún ni ẹ̀rọ tí ń rán ohùn lọ sí ìsàlẹ̀ omi, tí ó sì ń gbọ́ bí ohùn náà ṣe ta padà láti ara ẹja. Omi jíjìn ni ẹ̀rọ yìí dára fún jù lọ. Nínú ọ̀sà tí kò jìn, tí koríko sì kún inú rẹ̀, àwọ̀n àti ìwé àkọsílẹ̀ ṣì ni agbára wa.

ÀRÍKỌ́GBỌ́N KAINJI

Ibi tí ìtàn kíkà yìí ti hàn kedere jù ní Nàìjíríà kì í ṣe etí òkun, bí kò ṣe adágún Kainji ní ilẹ̀ Bọ̀ọ̀gú, níbi tí a ti sé odò Ọya mọ́ ní ọdún 1968 láti fi omi rẹ̀ ṣe iná mànàmáná. Omi bo ìlú Bùsà àtijọ́, a sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Bùsà tuntun. Adágún tí ó ti ibẹ̀ yọ fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 1,270 níbùú lóòró, ìyẹn ju ìlọ́po márùn-ún ọ̀sà Lẹ́kì lọ. Kí a tó sé odò náà ni àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Liverpool ti lọ wo ẹja rẹ̀, tí ìròyìn wọn kìíní sì jáde ní ọdún 1965. Nígbà tí omi kún tán, ilé ìwádìí kan dúró sí ibẹ̀, òun ni a sì wá mọ̀ lónìí sí ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ẹja omi dídùn.

Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ yẹ fún àkíyèsí. Nígbà tí omi bá kọ́kọ́ bo ilẹ̀, koríko àti ewé tí ó jẹrà sábẹ́ rẹ̀ a máa di ajílẹ̀, ẹja a sì máa bí sí i lọ́nà ìyanu. Ní ọdún 1970, ẹja tí a mú ní Kainji lé ní 28,000 tọ́ọ̀nù. Ní ọdún 1978, ó ti wá sílẹ̀ dé nǹkan bí 4,500. Láàárín ọdún mẹ́jọ péré, ó ku díẹ̀ kí ó di ìdá kan nínú mẹ́fà ohun tí ó jẹ́. Ẹni tí ó bá rí ọdún 1970 nìkan yóò sọ pé ẹja Kainji kò lè tán láé. Ẹni tí ó bá rí 1978 nìkan yóò sọ pé ó ti tán. Ẹni tí ó ka gbogbo ọdún tí ó wà láàárín wọn nìkan ni ó mọ̀ pé àsè ìbẹ̀rẹ̀ ni ó parí.

Àwọn ajẹja kò jókòó lásán ní gbogbo ìgbà yìí. Ẹja wẹ́wẹ́ kan wà tí kì í gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí ó ń jẹ kòkòrò omi. Nínú adágún tuntun náà, ó pọ̀ lọ bíi yanrìn. Òun ni ajẹja wá ń fi ṣe oúnjẹ. Ní ọdún 1974, Lewis tẹ ìwádìí jáde lórí oúnjẹ oríṣi méjì nínú ẹja eléyín mímú tí a mọ̀ sí Hydrocynus ní Kainji, inú wọn ni a sì ti rí ẹ̀rí bí ẹja wẹ́wẹ́ yìí ti ṣe pàtàkì tó. Kò pẹ́ tí ènìyàn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹja wẹ́wẹ́ yìí. Nígbà tí ó fi di àárín ọdún 1990 sí 2000, àpapọ̀ ẹja Kainji ti tún lé ní 30,000 tọ́ọ̀nù, ó ju ti ọdún 1970 lọ. Ṣé ọjọ́ àtijọ́ ti padà dé ni? Rárá o. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń sá gbẹ. Ìwọ̀n kan náà, ẹja ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó bá ń fi òṣùwọ̀n nìkan díwọ̀n omi yóò pe erin àti èèrà ní nǹkan kan náà.

Láti ọdún 1993 sí 2001, Nàìjíríà àti Jámánì jùmọ̀ ṣe iṣẹ́ kan lórí ẹja adágún yìí. Wọ́n lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ka apẹja, wọ́n ka ọkọ̀, wọ́n ka àwọ̀n, wọ́n sì ń wọn ẹja ní èbúté lóṣooṣù. Ohun tí kíkà náà fi hàn ni pé àwọ̀n ńlá olójú híhá tí a ń fà wá sí etí omi ń kó ọmọ àwọn ẹja ńlá pọ̀ mọ́ ẹja wẹ́wẹ́. Nítorí náà ni a ṣe fi òfin de irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀, tí a sì fi òdiwọ̀n sí bí ojú àwọ̀n yòókù ti gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó. Kì í ṣe ìjọba nìkan ni ó ṣe é. Àwọn ọba ilẹ̀ náà àti àwọn olórí apẹja ni wọ́n bá àwọn ènìyàn wọn sọ̀rọ̀. Kò rọrùn, nítorí pé ẹni tí a gba àwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọmọ tí yóò bọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n láìsí iye tí a kọ sílẹ̀, kò sí ohun tí a bá fi hàn án pé àwọ̀n rẹ̀ ni ó ń jẹ ọ̀la rẹ̀.

Kì í ṣe pé kí ajẹja ṣáà máa pọ̀ ni à ń wí. Adágún Victoria ní ìlà-oòrùn Áfíríkà fi òdìkejì rẹ̀ hàn wá. Adágún yìí fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 68,800 níbùú lóòró, oríṣi ẹja kéékèèké tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni ó sì wà nínú rẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé. Láàárín 1954 sí 1963 ni a kó erin omi wá síbẹ̀ láti inú omi mìíràn. Fún bí ogún ọdún, kò jọ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àfi ní àárín ọdún 1980 sí 1990 tí ó bú jáde, tí ó sì run púpọ̀ nínú àwọn ẹja kéékèèké náà. Àwọn kan jèrè, ẹja di ohun títà sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n oríṣi ẹja tí ó ti parẹ́ kò tún lè padà wá. Ẹja kan náà ni, tí ó jẹ́ ọmọ onílé ní odò Ọya, tí ó sì di agbésùnmọ̀mí ní Victoria. Ìwọ̀n tí ó yẹ omi kọ̀ọ̀kan ni a gbọ́dọ̀ mọ̀, kì í ṣe pé kí a fẹ́ràn ajẹja tàbí kí a kórìíra rẹ̀.

ỌWỌ́ TA NI IṢẸ́ NÁÀ WÀ?

Ó lè dà bí ẹni pé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan ni gbogbo èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn tí ń kọ́ èdè Yorùbá gan-an, apá náà sì ni orúkọ. Ẹni tí yóò ka ẹja gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń kà. Nígbà tí apẹja bá sọ pé òun mú ọ̀bọ̀kún 20, èwo nínú oríṣi mẹ́ta tí ó wà ní Lẹ́kì ni? Nígbà tí ó bá ní àrọ̀, èwo nínú àwọn àrọ̀ ni? Bí a bá kọ gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan, oríṣi kan lè tán pátápátá nínú omi, kí ìwé wa sì máa sọ pé ọ̀bọ̀kún kò dín. Àwọn àgbà apẹja mọ ìyàtọ̀ wọn. Wọ́n mọ èyí tí ó ń rìn lóru àti èyí tí ó ń rìn lọ́sàn-án, èyí tí ó ń yé ẹyin nígbà òjò àkọ́rọ̀, àti èyí tí baba wọn ń mú tí àwọn kì í rí mú mọ́. Àwórì ní orúkọ tirẹ̀, Ẹ̀gùn ní tirẹ̀, Ìlàjẹ ní tirẹ̀. Púpọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí kò tí ì wọ inú ìwé atúmọ̀ èdè. Bí àgbà kan bá kú láìsọ wọ́n, ohun méjì ni a pàdánù: ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa, àti ẹ̀rí kan nípa omi wa.

Nítorí náà, bí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀jọ́ tàbí ní Ìbà bá kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ sí etí omi ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ kan náà, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n lè ṣe. Kí wọ́n kí àwọn baba apẹja, kí wọ́n gba àṣẹ, kí wọ́n sì kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀: iye ọkọ̀ tí ó dé, iye wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lò lórí omi, orúkọ tí apẹja fúnra rẹ̀ pe ẹja tí ó mú, àti gígùn àwọn tí ó tóbi jù. Rúlà, pẹ́ńsù àti ìwé ni ohun èlò wọn. Oṣù kan kò lè sọ nǹkan kan. Ọdún kan kò lè sọ púpọ̀. Ọdún mẹ́wàá yóò sọ̀rọ̀, tí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe òfin kò ní lè di etí rẹ̀ sí i.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Àwọn tí wọ́n pa òwe náà mọ̀ pé kí ènìyàn tó lè ṣẹ́ oúnjẹ kù sílẹ̀ fún ọmọdé, ó gbọ́dọ̀ bojú wo inú igbá kí ó mọ iye tí ó wà níbẹ̀. Inú ọ̀sà ni igbá tiwa. Ìyá ẹlẹ́ja kò ṣẹ̀ bí ó ti nawọ́ sí agbọ̀n rẹ̀. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó fi dáhùn. Ẹni tí ó kàwé ni ó kù fún láti wo ohun tí ó wà lábẹ́ omi, kí ó kà á, kí ó sì padà wá sọ fún un ní èdè tí ó gbọ́.